Nígbà Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Di Odindi: Ìrìn-àjò Mi Sí Ilé Àyẹ̀wò Ọ́tísìm

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Mo kọ àròkọ lórí òwe yìí nígbà tí mo wà ní yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, olùkọ́ mi sì yìn mí. Ohun tí kò sí nínú àròkọ náà ni pé ní ti èmi gan-an, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi. Bí ó ṣe wọlé ni yóò ṣe jókòó síbẹ̀. Bí mo bá wà lálejò, tí onílé ní, "Ilẹ̀ mà ti ń ṣú o," èmi yóò wo ojú fèrèsé, n ó sì fi dá a lójú pé lóòótọ́ ni ilẹ̀ ń ṣú. Kò ní wá sí mi lọ́kàn pé ó fẹ́ kí n máa lọ sílé.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, dókítà kan ní ìlú Ìbàdàn fún ohun náà ní orúkọ. Ó ní mo ní ọ́tísìm. Ẹni ọdún 28 ni mí. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ṣebí àwọn ọmọdé ni nǹkan yẹn ń bá jà? Kí ni àgbà ń wá lọ síbẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, òun ló sì jẹ́ kí n mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀. Èdè wa kò tíì ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí fún ọ́tísìm. Mo ti rí i tí àwọn kan pè é ní àrùn, mo sì ti rí i tí àwọn mìíràn pè é ní àìpé ọpọlọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè, n kò fara mọ́ méjèèjì. Àrùn a máa wọ ara, a sì máa jáde. Èyí kò wọlé láti ibì kankan, kò sì ní jáde; bí ọpọlọ ẹni náà ṣe ń dàgbà láti inú oyún ni. Gbólóhùn tó sún mọ́ ọn jù lọ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ni "bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn." Títí a ó fi rí èyí tó dára jù, ọ́tísìm ni n ó máa pè é.

Eugen Bleuler, oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Switzerland, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911. Ó mú un láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "ara ẹni", àmọ́ àìsàn mìíràn ni ó ń ṣàlàyé nígbà náà. Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 kan, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, tí ìṣe wọn jọ ara wọn: wọ́n fẹ́ràn kí nǹkan wà bí ó ṣe wà lánàá, wọ́n sì dà bí ẹni tó dá wà láàárín èrò. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni Donald Triplett, ọmọ ìlú Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ọmọ yẹn dàgbà. Ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó wa ọkọ̀ ara rẹ̀, ó rìnrìn-àjò lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kú ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ní ẹni ọdún 89. Mo fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin yìí púpọ̀, torí òun ni mo máa ń fi dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Ọmọ tó ní ọ́tísìm kì í jẹ́ ọmọ títí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹnìkan nínú ènìyàn 127 ló ní i. Nígbà náà, àwọn tó ti dàgbà lára wọn dà?

Wọ́n wà láàárín wa. Wọ́n ń pè wọ́n ní agbéraga, aláìmọ̀wàáhù, ẹni tí kì í yá mọ́ ènìyàn. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ní ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Ìwà ni a fi ń wọn ènìyàn. Ẹni tí kò bá gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, a kì í sọ pé etí inú rẹ̀ yàtọ̀. A ó ní wọn kò kọ́ ọ dáadáa nílé, a ó sì mú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti èmi, ìkíni ló bò mí mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo bí èdè wa ti ṣe ètò rẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó náwó, ẹ kú ìnáwó, ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu ọmọ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú àráfẹ́rakù. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdáhùn tirẹ̀. Mo kọ́ wọn bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń kọ́ ìsọdipúpọ̀, mo sì mọ ìgbà tí orúnkún ń kanlẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò wa a máa yìn mí pé ẹ̀kọ́ ilé wà lára mi. Lẹ́yìn ìkíni ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lójú ọ̀nà tí mo ti là sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, tí n kò sì mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Òde ìnáwó ńkọ́? Ìlù, gbohùngbohùn, jẹnẹrétọ̀ àti ogún ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo rẹ̀ ń wọ etí mi ní ìwọ̀n kan náà, kò sí èyí tó ń rọra dúró lẹ́yìn. Bí mo bá lọ sí ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara mi tó ń wálẹ̀. Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní ilé-ìwé méjì. Iṣẹ́ kíkọ́ kò le fún mi rárá. Yàrá tí àwọn olùkọ́ ń jókòó sí ló lé mi jáde.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ló ṣí mi lójú. Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi láti tú sí Yorùbá, èyí tó wà fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní ọ́tísìm. Mo ń tú u, mo ń rí ara mi. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ń to nǹkan ní ìlà, tó sì ń bínú bí ẹnìkan bá sún ọ̀kan, mo gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bojú wo pẹpẹ ìwé mi. Gíga ni mo fi tò wọ́n, kì í ṣe orúkọ òǹkọ̀wé.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní AQ, èyí tí Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé jáde ní ọdún 2001. Ìbéèrè 50 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń wádìí bóyá mo fẹ́ràn ilé ìtàgé ju ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́ lọ, bí ẹni pé méjèèjì wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa! Iye tí mo gbà ga. Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ju pé ó yẹ kí ènìyàn lọ rí dókítà. Ìtìjú, àníyàn tó pọ̀ jù, ìṣẹ̀lẹ̀ búburú ìgbà èwe, gbogbo wọn ló lè mú kí iye náà ga. Mo mẹ́nu ba èyí torí àwọn fídíò kéékèèké tó kún orí fóònù, níbi tí ẹnìkan ti ń ka àmì márùn-ún, tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń dáhùn pé "èmi nìyẹn."

Rírí ibi tí wọ́n ti ń yẹ àgbà wò kò rọrùn. Ibi mẹ́rin ni mo pè. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà?" Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo rí ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn tí dókítà ibẹ̀ ń gba àgbà, àmọ́ ó ní ìyá mi gbọ́dọ̀ bá mi wá, tàbí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Òfin iṣẹ́ wọn ni. A kò lè pe ohun kan ní ọ́tísìm bí kò bá ti wà lára ẹni náà láti ìgbà èwe. Ó tún ní kí n mú káàdì èsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi dání, níbi tí àwọn olùkọ́ ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ìyá mi wé gèlè wálẹ̀ títí dé ojú ní ọjọ́ náà. Wọn kò sọ ìdí, èmi náà kò bi wọ́n. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti dàgbà, níbi tí "Àró" ti di èébú lẹ́nu ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní ọdún 1954, tí àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èébú nìkan ló kù fún wa nílé.

Ibi tí a ti ń dúró de dókítà kún fún àwọn ọmọ àti ìyá wọn. Àga kéékèèké aláwọ̀ mèremère ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ Mà. Ọmọ dà?"

Ìyá mi nàka sí mi. "Òun nìyí."

Kò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó gbé àga ńlá méjì wá.

Wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀ ni a lò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Dókítà bá èmi nìkan sọ̀rọ̀ ná, ó sì lo àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní ADOS, èyí tí ó ní apá tí a ṣe fún àgbàlagbà. Kì í ṣe ìdánwò tí ènìyàn ń yege tàbí fìdí rẹmi. Ó fún mi ní ìwé aláwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ó ní kí n sọ ìtàn inú rẹ̀. Ó bi mí nípa ọ̀rẹ́, nípa ìbínú, nípa ohun tó ń mú inú mi dùn. N kò ní ka ìyókù, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ má baà ti múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ilé. Ohun tí dókítà ń wò kò sí nínú ìdáhùn nìkan: bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, bí ọwọ́ mi ṣe ń ṣe, bóyá mo máa ń bi òun náà ní nǹkan.

Àti ojú. Níbi ọ̀rọ̀ ojú ni mo ti rí i pé dókítà yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ṣe àyẹ̀wò náà ka àìwojú ẹni sí àmì kan. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà ni a ń bá wí. Èmi kò wo ojú dókítà rárá, àmọ́ ẹni tó lè bí mi ni. Kí ni a ó fi ìyàtọ̀ sí? Ó bi mí nípa àwọn ọmọ àbúrò ìyá mi tí mo jù lọ, nípa ọ̀rẹ́ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, nípa ọmọ ọwọ́. Mo sọ òtítọ́ fún un pé àárín ojú méjèèjì ni mo máa ń wò, lára irun ojú, pé ẹnìkan ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́.

Àkànlò èdè tún fún un ní iṣẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo máa ń gba ọ̀rọ̀ bí ó ṣe rí lójú. Ó bi mí ní "fi àáké kọ́rí", ó bi mí ní "fi ilẹ̀ bora", mo sì fún un ní ìtumọ̀, àpẹẹrẹ àti ìsọ̀rí gírámà. Oyè ẹ̀kọ́ mi ni! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí i pé mo ti kó èdè sórí. Ó wá bi mí pé nígbà wo ni mo gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tó yé mi lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé mo padà sílé rò ó? Mo dákẹ́ pẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìyá mi. Dókítà fẹ́ bá àwọn nìkan sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ní kí n jókòó, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn lè sọ ọ́.

Ohun tí mo mọ̀ nípa èwe mi kò ju pé mo pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀, àti pé mo máa ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Ìyá mi ní títí mo fi pé ọdún mẹ́rin, n kò sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tèmi. Rédíò ni mo ń sọ. Bí oníròyìn ṣe ń kí àwọn olùgbọ́ láàárọ̀ ni èmi náà ń kí wọn, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an. Bí ebi bá ń pa mí, ìpolówó wàrà ni n ó máa kà. Bí nǹkan bá ń dùn mí, ìpolówó ọṣẹ ni. Ìyá mi ti mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń dá mi lóhùn. Dókítà ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ó ní Kanner náà kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ ní ọdún 1943, àti pé kì í ṣe gbogbo ìyá ló ń mọ ìtumọ̀ irú rẹ̀.

Ìyá mi kò gbọ́ ìyìn náà. Wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọ́n ní ìyá bàbá mi sọ pé emèrè ni mí. Wọ́n gbé mi lọ sí orí òkè àdúrà, a lo ọjọ́ 21 níbẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ babaláwo kan tó ní kí wọ́n ṣe sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò, èyí nìkan ni mo rántí, torí ẹ̀wà pọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò yọrí sí nǹkan kan, àwọn ẹbí bàbá mi ní inú ìyá mi ni ó ti wá, àti pé bí wọ́n bá bí òmíràn, bákan náà ni yóò rí.

"Mo ní ó tó," ni ìyá mi wí. "N kò bí mọ́."

Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún mi pé àìrówó ló fà á tí mo fi jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo.

Wọ́n wá kọjú sí dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo fà á? Àbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni?"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin." Ó sọ fún wọn pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń dá ìyá lẹ́bi. Ní Amẹ́ríkà, fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bruno Bettelheim tilẹ̀ kọ odindi ìwé lé e lórí ní ọdún 1967. Bernard Rimland, tí òun náà bí ọmọ tó ní ọ́tísìm, ti kọ̀wé ní ọdún 1964 láti fi hàn pé inú ara ni ó ti ń wá, kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ Rimland ló dúró. Ní ti abẹ́rẹ́, ìwé tó dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀ jáde ní ọdún 1998, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ sì yọ ọ́ kúrò ní ọdún 2010. Ìyá mi ń mi orí. N kò mọ èyí tí wọ́n gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn "kì í ṣe ẹ̀yin." Gèlè wọn ti gòkè kúrò lójú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni a padà lọ gba èsì. Ojú ìwé mẹ́jọ ni. Ó ní mo ní ọ́tísìm, ó ní òye mi pé, ó ní àníyàn tún wà tó yẹ kí a tọ́jú. Kò sí oògùn fún ọ́tísìm fúnra rẹ̀, dókítà sì kìlọ̀ pé kí a sá fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ta irú rẹ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi kò ju ohun tí onílàákàyè lè ṣe: ìdí etí níbi ariwo, ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn òde, kí àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi máa kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ ní odindi. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta. Méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wa sì ń yá sí i.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ìgbéyàwó. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sílé ni ìyá mi ti bi mí, ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ṣé o máa sọ fún wọn?"

Gbogbo wa la mọ ìwádìí. Kí ìdílé méjì tó di àna, wọ́n a bèèrè: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ọ́tísìm kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ ni mo ti gba ìwé, ṣé yóò dúró gbọ́ ìyókù? Orílẹ̀-èdè yìí gan-an kò pẹ́ tó kúrò níbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni gbogbo ayé gbọ́ pé a ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe gbogbo aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Ìyá mi fẹ́ kí a dákẹ́ títí ìdána yóò fi kọjá. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ níyà fún ọdún 24 lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀.

Síbẹ̀, mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi. Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ òun mọ nǹkan náà, pé ọdún kejì nìyí tí òun ti ń bá mi sọ odindi ọ̀rọ̀. Òun ló sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá pè mí, wọn kò bínú, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ṣé ó lè hàn lára ọmọ?"

Mo dá wọn lóhùn bí dókítà ṣe sọ ọ́. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ó ṣeé ṣe kí ọmọ wa ní i ju ọmọ ẹlòmíràn lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ní pàtó pé ọmọ kan yóò ní i tàbí kò ní ní i. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí n fi ìwé dókítà ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn fẹ́ kà á fúnra wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá sì ni Bàbá máa ń kà jù. Mo ń tú u lọ́wọ́. Mo ti dé ojú ìwé karùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ rédíò wà.